Igbó ati Òjò

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá bi àgbàlagbà léèrè ìdí tí igbó fi pọ̀ ní ìhà Ìjẹ̀bú àti Oǹdó, yóò dáhùn pé òjò ni ó pọ̀ níbẹ̀. Òótọ́ ni ó sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Igbó náà a máa mú òjò wá.

Ẹ jẹ́ kí á wo bí ó ti rí. Afẹ́fẹ́ láti orí òkun a máa gbé omi wá, òjò a sì rọ̀ sórí igbó. Gbòǹgbò ìrókò, àfàrà àti ọ̀gànwó a fa omi náà láti inú ilẹ̀, omi a sì gba inú igi gòkè dé ewé. Ara ewé ní ihò tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí. Ibẹ̀ ni omi ń gbà jáde bí oru, bí èyí tí ń jáde lẹ́nu ìkòkò tí ó ń hó, àfi pé a kì í rí ti ewé. Oru yìí a gòkè lọ sí òfurufú, a tutù, a di ìkùukùu, a sì tún rọ̀ bí òjò. Nígbà mìíràn, afẹ́fẹ́ a ti gbé e kọjá igbó kí ó tó rọ̀. Àgbẹ̀ tí ó gbin àgbàdo sí ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ìlọrin a sì rí i lò. Ní àwọn ọdún 1970, Enéas Salati, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Bùràsíìlì, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wádìí òjò igbó ńlá Amazon. Wọ́n rí i pé nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni ó wá láti ara omi tí igbó náà dá padà sí òfurufú.

Lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje. Igi a máa gba afẹ́fẹ́ kábónì tí ń mú ayé gbóná, a sì tọ́jú rẹ̀ sínú ara rẹ̀. Bí a bá dáná sun igi, afẹ́fẹ́ náà a tún padà sí òfurufú.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ igbó ọba tí à ń pè ní Omo, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, fi ń dùn mí. Ìjọba ti yà á sọ́tọ̀ láti ọdún 1925, UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ àwọn igbó pàtàkì lágbàáyé ní ọdún 1977. Síbẹ̀ ẹ̀rọ agégi kò sinmi níbẹ̀, oko kòkó sì ń wọ inú rẹ̀ lọ. Àwọn kan ní kò sí ewu, pé a lè gbin gmelina dípò. Èmi kò gbà. Gmelina a máa wọ́wé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kì í sì í pẹ́ tí wọ́n fi ń gé e. Igbó gidi ní igi gíga, igi àárín àti igi kéékèèké lábẹ́ wọn, tí gbogbo wọn jọ ń tú omi jáde. Igi kan kì í dágbó ṣe; irú igi kan ṣoṣo náà kò lè ṣe é.

Àwọn àgbẹ̀ kòkó náà ní ọmọ tí wọ́n ń bọ́, kòkó wọn kì í sì í fẹ́ ọ̀gbẹlẹ̀. N kò ní kí á kàn lé wọn jáde. Kí ìjọba fún wọn nílẹ̀ sí ẹ̀yìn igbó, kí ó sì fún àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ní owó oṣù tí ó tó, kí ẹni tí ó fẹ́ gé ìrókò lóru má baà rí wọn fi owó rà.