Kí Oúnjẹ Jẹ́ Ẹ̀tọ́, Kí Ó sì Mọ́

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Ọba Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tí Ó ń sọ omi kalẹ̀ láti sánmọ̀, tí Ó fi ń la ilẹ̀, tí Ó sì ń fi hu èso àti ewébẹ̀ jáde fún ènìyàn àti ẹran ọ̀sìn. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀ lápapọ̀.

Nínú Súrátul-Baqarah, àáyà 168, gbogbo ènìyàn ni Ọlọ́hun pè, kì í ṣe Mùsùlùmí nìkan, pé kí wọ́n jẹ nínú ohun tí ó wà lórí ilẹ̀. Ìròyìn méjì ni Ó fún oúnjẹ náà: kí ó jẹ́ halaal, kí ó sì jẹ́ tayyib, èyíinì ni pé kí ó jẹ́ ẹ̀tọ́, kí ó sì mọ́, kí ó ṣe ara lóore. Àwọn Mùsùlùmí agbègbè Navy Town, láti Ọ̀jọ́ dé Ìbá àti Òkókómáíkò, kì í fi ìròyìn àkọ́kọ́ yìí ṣeré. Wọn a bèèrè ẹni tí ó dúńbú ẹran kí wọ́n tó rà á. Wọn a yẹ ara páálí bisikíìtì wò bóyá ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú rẹ̀. Èyí dára púpọ̀, ó sì yẹ kí ó máa bẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń bèèrè irú omi tí wọ́n fi rin ẹ̀fọ́ tí ó rà ní Ìyànà Ìbá? Kò sí ẹni tí ń dúńbú ẹ̀fọ́. Ẹ̀tọ́ ni láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Nítorí náà, gbogbo ìdánwò tí ó wà lára ẹ̀fọ́, inú ìròyìn kejì ni ó wà. Ìròyìn kejì náà sì ni ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ti gbàgbé.

Ìlú Àwórì ni Ọ̀jọ́ àti Ìbá. Ọ̀sà àti àbàtà ni ó súnmọ́ wọn, ẹja pípa àti oko dídá sì ni àwọn baba ńlá ibẹ̀ fi ń bọ́ ilé wọn. Ohun tí wọ́n ń jẹ kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ń sùn. Ayé yí padà nígbà tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1975, tí ìjọba Alhaji Lateef Jakande dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọdún 1983, tí ọjà Alábà sì di ibi tí àwọn oníṣòwò láti ilẹ̀ Áfíríkà ìwọ̀-oòrùn ti ń wá ra rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Èrò ya wọ agbègbè náà láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Nàìjíríà. Ilé gba oko, yanrìn bo àbàtà. Lónìí, Kano àti Kaduna ni tòmátì ti ń wá, Sokoto àti Kebbi ni àlùbọ́sà ti ń wá, ìrẹsì sì ń gba ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ kọjá níwájú ilé onílé.

Oúnjẹ tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá kì í dá wá. Owó epo ọkọ̀ àti ìjà àwọn aláṣẹ a máa bá a rìn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ ti ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, wọn kò sì ṣí i títí di oṣù kejìlá ọdún 2020. Ní ìparí oṣù kejì ọdún 2021, àwọn oníṣòwò oúnjẹ àti màlúù dá ọjà dúró ní Òkè Ọya, wọn kò jẹ́ kí ó wá sí Gúúsù fún ọjọ́ mélòó kan, ojú sì pọ́n àwọn ìyálé ilé ní Èkó. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ tí ó wà lórí epo bẹntiróò. Kí oṣù keje ọdún náà tó parí, ìjọba kan náà ti kéde pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ti di pàjáwìrì ní orílẹ̀-èdè yìí. Nínú gbogbo rẹ̀, kò sí èyí tí ẹni tí ó ń gbé ní Òkókómáíkò lọ́wọ́ sí, ṣùgbọ́n inú ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ parí sí.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí kò tíì kúrò lọ́wọ́ agbègbè yìí. Ewébẹ̀ ni. Ó ti pẹ́ tí àwọn olóko ẹ̀fọ́ ti ń kọ ebè sí ẹ̀gbẹ́ òpópónà Èkó sí Àgbádárìgì ní sàkání bárékè Ọ̀jọ́, tí wọ́n ń gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú àti gbúre sí ilẹ̀ tí àwọn ẹlòmíràn ì bá sọ di ààtàn. Ẹ̀fọ́ tí wọ́n bá tu ní òwúrọ̀ lè wà nínú ọbẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Iṣẹ́ sàráà ni iṣẹ́ wọn. Hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá fi yé ìjọ pé ohun tí ẹyẹ, ènìyàn tàbí ẹranko bá jẹ nínú ohun tí Mùsùlùmí gbìn, sàráà ni Ọlọ́hun ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Bukhari tún gbà á wá pé Ànábì kọ́ ìjọ rẹ̀ pé kò sí oúnjẹ tí ó dára ju èyí tí ènìyàn fi iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ lọ, ó sì fi Ànábì Dáwúùdù ṣe àpẹẹrẹ. Ọba ni Dáwúùdù, síbẹ̀ kò kọ iṣẹ́ ọwọ́. Kí ni ó wá dé tí ọ̀dọ́ tí kò jọba níbìkan fi ń wo ọkọ́ gẹ́gẹ́ bí ohun ìtìjú?

Bí iṣẹ́ náà ti dára tó, ewu wà nínú rẹ̀ tí kò yẹ kí a fi bò. Ní ọdún 2009, ẹgbẹ́ Greenpeace àti àwọn oníròyìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ẹ̀rọ ìtọpa sínú tẹlifíṣọ̀n kan tí ó ti bàjẹ́, wọ́n sì tẹ̀ lé e láti Ìlú Ọba títí ó fi dé ọjà Alábà. Irú ẹrù bẹ́ẹ̀ tí kò bá ṣeé tún ṣe mọ́, ńṣe ni wọ́n máa ń tú u, tí wọ́n á sì sun wáyà rẹ̀ kí wọ́n lè rí bàbà inú rẹ̀ tà. Eérú tí ó kù sílẹ̀ ní òjé àti oríṣiríṣi èròjà olóró nínú. Òjò a gbá a lọ sínú gọ́tà, gọ́tà a gbé e lọ sí ilẹ̀ tí ó rẹlẹ̀, ilẹ̀ tí ó rẹlẹ̀ náà sì ni ẹ̀fọ́ fẹ́ràn. Òjé kì í jẹrà. Ọdún tí ó bá lò nínú ilẹ̀ kì í sọ ọ́ di ajílẹ̀. Ohun tí ó lè ṣe fún ọmọdé hàn sí gbogbo Nàìjíríà ní ọdún 2010, nígbà tí ó pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ ní àwọn abúlé kan ní Ìpínlẹ̀ Zamfara, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta tí wúrà wà nínú rẹ̀ ní agbolé. Kì í ṣe ẹ̀fọ́ ni ó fa ti Zamfara, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kan gbogbo ènìyàn: ilẹ̀ tí òjé ti bàjẹ́ kì í yàtọ̀ lójú sí ilẹ̀ rere.

Oògùn kòkòrò ni ewu kejì. Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC fi òfin de títa dichlorvos nínú ìgò kékeré ní ọjà gbangba, nítorí pé àwọn ènìyàn ń lò ó ní ìlòkulò, àwọn kan tilẹ̀ ń fọ́n ọn sára ẹ̀wà kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Mùsùlùmí tí ó bá fọ́n irú oògùn bẹ́ẹ̀ sára oúnjẹ tí ó ń tà kò lè sọ pé ọjà ẹ̀tọ́ ni òun ń tà. Imam Malik gbà á wá nínú Muwatta pé ìpalára kò sí nínú ẹ̀sìn yìí, ìbáà jẹ́ èyí tí ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ tàbí èyí tí ó fi gbẹ̀san.

Kì í ṣe pé kí àwọn Mùsùlùmí wá kẹ̀yìn sí olóko ẹ̀fọ́. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ pa iṣẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ àti aláìṣẹ̀ pọ̀. Ohun tí ó yẹ ni kí ọ̀dọ́ ìjọ lọ bá wọn lẹ́bàá ebè pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, nítorí pé nínú wọn ni àwọn tí ń kírun nínú sàfù kan náà pẹ̀lú wọn wà. Kí wọ́n bá wọn jíròrò pé kí wọ́n má gbin nǹkan síbi tí wọ́n ti sun wáyà tàbí tí wọ́n ti tú bátìrì. Kí wọ́n má fi omi gọ́tà rin ẹ̀fọ́. Kí ebè jìnnà díẹ̀ sí etí títì. Ẹni tí ó bá gbà, kí ìjọ máa ra ọjà rẹ̀, kí wọ́n má sì yọ ọ́ lẹ́nu lórí iye owó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kò tó fún ẹni tí kò ní ilẹ̀ mìíràn. Olóko etí títì kò ní ìwé ilẹ̀. Ọjọ́ tí ìjọba bá fẹ́ lo ilẹ̀ náà ni oko rẹ̀ parí.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan mọ́sálásí. Ọ̀pọ̀ mọ́sálásí àti ilé kéú ní agbègbè yìí ni ó ní ilẹ̀ díẹ̀ tí koríko ń hù sí, ilẹ̀ tí ìjọ mọ ìtàn rẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ kì í ju bí oṣù kan lọ kí ó tó tó í jẹ. Ewúro àti gbúre kò fẹ́ owó irúgbìn. Igi wọn ni à ń gé rì mọ́lẹ̀. Ibi tí kò bá sí ilẹ̀ rárá, àpò ìrẹsì tí ó ti gbó àti abọ́ tí ó ti là lè di ebè bí a bá ki iyẹ̀pẹ̀ rere sínú rẹ̀. Èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ewé tí wọ́n ṣà kúrò lára ẹ̀fọ́ a máa di ajílẹ̀ bí a bá kó wọn jọ tí wọ́n jẹrà. Àwọn ìyá àgbà mọ èyí. Ẹ̀yìnkùlé wọn, nítòsí ààtàn, ni gbúre ti ń hù fúnra rẹ̀.

Omi ńkọ́? Omi wà. Bí 200 ènìyàn bá ṣe àlùwàlá ní ọjọ́ Jímọ̀, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì lo lítà 2, lítà 400 ni ó wọ gọ́tà lọ láàárín wákàtí kan. Ànábì fúnra rẹ̀ kì í lò tó bẹ́ẹ̀. Mudd kan, tí kò tó lítà 1, ni hádíìsì sọ pé ó fi ń ṣe àlùwàlá. Kí ìjọ kọ́kọ́ dín ìlòkulò omi kù, lẹ́yìn náà kí wọ́n la ojú omi kékeré kan láti ibi àlùwàlá wá sí ìdí ebè. Ìdí ẹ̀fọ́ ni kí omi náà máa lọ, kì í ṣe orí ewé, kí wọ́n sì fi omi mìíràn tí ó mọ́ fọ ẹ̀fọ́ kí wọ́n tó sè é.

Ìtọ́jú ilẹ̀ kò pin sí oko. Nígbà ìṣínu Ramadan, àti lẹ́yìn tàfúsíìrì, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà àti abọ́ fóòmù a máa bo iwájú mọ́sálásí. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti fi òfin de abọ́ fóòmù ní oṣù kìíní ọdún 2024, nítorí pé ó ń dí ojú àgbàrá. Kò yẹ kí ó jẹ́ ọlọ́pàá ni yóò kọ́ Mùsùlùmí ní ohun tí Súrátul-A'raaf, àáyà 31, ti kọ́ ọ: kí ó jẹ, kí ó mu, kí ó má sì ṣe àpà. Abọ́ tí a lè fọ̀ àti kúlà omi kan pẹ̀lú ife yóò ṣe iṣẹ́ náà.

Àwọn kan yóò sọ pé ebè tẹ̀tẹ̀ kan kò lè bọ́ Ọ̀jọ́. Òótọ́ ni. Ìrẹsì àti tòmátì yóò ṣì máa ti òkèèrè wá. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí ó wà nínú ọbẹ̀, ewébẹ̀ ni ó yá jùlọ láti bàjẹ́ lójú ọ̀nà, òun náà ni ó rọrùn jùlọ fún tálákà láti gbìn. Àwọn mìíràn yóò sọ pé kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀sìn. Kí wọ́n rántí hádíìsì Abu Dharr, nínú èyí tí Ànábì ti pa á láṣẹ pé ẹni tí ó bá ń se ọbẹ̀, kí ó fi omi kún un, kí ó sì rántí aládùúgbò rẹ̀. Ní ìlànà Imam Malik, tí ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀ lé, kò sí sàká lórí ẹ̀fọ́. Nítorí náà, kò sí akọ̀wé sàká tí yóò gba ìpín opó àti aláìlóbìí lọ́wọ́ olóko. Inú rere onílé nìkan ni ó kù. Kí ìjọ tí ó bá dá ebè sílẹ̀ fi kọ́ńgọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá ká ṣe ti àwọn aláìní tí ó yí mọ́sálásí ká.

Kí Ramadan tí ń bọ̀ tó dé, ó yẹ kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní agbègbè yìí ti ní ebè kan, ojú omi kan, ibi ìkó-ajílẹ̀ kan, àti ọ̀dọ́ méjì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, tí wọ́n fi orúkọ wọn sílẹ̀ fún ìtọ́jú rẹ̀. Ànábì gba ẹni tí irúgbìn wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí Ọjọ́ Ìkẹyìn dé nímọ̀ràn pé kí ó gbìn ín bí ó bá lágbára. Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé, tí ilẹ̀ wà níwájú rẹ̀, tí omi sì ń ṣàn kọjá lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò ní àwáwí.

Kí Ọlọ́hun fi ìbùkún sí ọwọ́ àwọn tí ń ro ilẹ̀, kí Ó sì fi oúnjẹ tí ó jẹ́ ẹ̀tọ́ tí ó sì mọ́ bọ́ gbogbo ilé Mùsùlùmí. Àmín.