Májèlé Eku Tó Ṣẹ́kù Lóko Wa



Nígbàkígbà tí a bá péjọ, a máa ń ké sí ìjọba nítorí àwọn awakùsà tí ń ba omi Ọ̀ṣun jẹ́. Igbe náà tọ̀nà, mo sì wà lára àwọn tó ń ké e. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú oko tiwa tí a kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀: májèlé eku tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí àgbàdo ti wọ àká. Bí ó bá sú wa, a ó dà á sódò, a ó sun ún níná, tàbí kí a gbẹ́ ilẹ̀ bò ó. Èrò mi ni pé kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó yẹ ẹni tó ń júbà Ilẹ̀.

Àwọn kan á ní kò sí ohun tí ilẹ̀ kò lè jẹ. Lóòótọ́, ilẹ̀ ń jẹ ewé, ó ń jẹ egungun, ó sì ń jẹ ènìyàn. Àmọ́ àwọn tó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yẹn kò bá brodifacoum pàdé. Májèlé yìí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kì í sì í pa eku lójú ẹsẹ̀. Ó lè gbà tó ọjọ́ mélòó kan. Láàrin ìgbà náà, eku á ti di aláìlera, àwòdì á gbé e, òwìwí á gbé e, ajá á pa á jẹ. Ẹranko tó bá jẹ ẹ́ lè ru májèlé náà nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwa gan-an. Eku wà lára ohun tí a fi ń bọ Ifá. Òkété tó jẹ májèlé lóko lè bọ́ sọ́wọ́ ọdẹ, kí ó dé orí àtẹ lọ́jà, kí ó dé iwájú Ifá, kí ó sì parí sínú ìṣasùn tí àwa àti ọmọ wa ó jẹ.

Èyí tí wọ́n ń pè ní zinc phosphide, tó jẹ́ lẹ́búlẹ́bú dúdú, tún burú lọ́nà mìíràn: bí omi bá kàn án, ó ń tú atẹ́gùn olóró jáde. Ẹni tó dà á sómi ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu.

Kí ni ṣíṣe? Ẹ fi ìbọ̀wọ́ kó gbogbo èyí tí eku kò jẹ. Ẹ jẹ́ kí ó wà nínú ohun tí wọ́n fi tà á, kí orúkọ rẹ̀ wà lára. Ẹ má ṣe rọ ọ́ sínú ìgò ẹlẹ́rìndòdò. Ẹ tì í mọ́ ibi gbígbẹ tí ọwọ́ ọmọdé kò tó, tó jìnnà sí oúnjẹ àti kànga. Ike tó ṣófo, ẹ dá a lu, kí ẹnikẹ́ni má baà fi bu omi tàbí epo. Òkú eku ni kí a sin, kí kòtò rẹ̀ jìn tó bẹ́ẹ̀ tí ajá kò ní lè hú u. Májèlé fúnra rẹ̀, ẹ bá òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ìjọba tàbí ẹni tó tà á sọ̀rọ̀, kí ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń gbà á.

Mo mọ̀ pé wọ́n lè dá àgbẹ̀ kan tó mú ìdajì páálí dání padà. Ìdí nìyí tí mo fi dámọ̀ràn pé, ṣáájú Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, 20 oṣù kẹjọ, kí ẹgbẹ́ wa ní ìlú kọ̀ọ̀kan ṣe àkọsílẹ̀ májèlé tó wà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ wa, kí a sì fi ìwé ránṣẹ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ lórúkọ ẹgbẹ́. Ohun tí ogún àgbẹ̀ bá jọ béèrè kò rọrùn láti fọwọ́ rọ́ tì.

Láti ìsinsìnyí lọ, kí a má ra ju èyí tí a ó lò tán lọ. Tàkúté, ẹbìtì àti ológbò kì í ní àṣẹ́kù. Àká tí a gbé ga, tí a sì fi páànù yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká, kò rọrùn fún eku láti gùn. Àwọn baba wa fi tàkúté àti ẹbìtì ṣọ́ àká wọn, odò tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa sì ṣe é mu.

Ìṣẹ̀ṣe làgbà.