Ìlujá ni, kì í ṣe Ìjóná: Lórí Orúkọ Ohun tí ó ń ṣe Epo Tiransífọ́mà

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí tiransífọ́mà bá dákẹ́ lójijì ní ìlú wa, ìbáà ṣe ní Kàbbà tàbí ní Òkè-Bùkún, ohun tí ó kọ́kọ́ ń ti ẹnu wa jáde ni pé, 'Ó ti jó.' Ṣùgbọ́n àbájáde ni ìjóná. Ohun mìíràn ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Èdè tí kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ kò lè kọ́ni ní ìtọ́jú.

Iṣẹ́ méjì ni epo inú tiransífọ́mà ń ṣe. Ó ń gbé ooru kúrò lára wáyà, ó sì ń dí ọ̀nà mọ́ ẹ̀lẹ́tíríìkì kí ó má baà fò sí ara irin àgbá. Bí agbára ẹ̀lẹ́tíríìkì bá ju èyí tí epo lè gbà mọ́ra, epo yóò jọ̀wọ́ ọ̀nà, iná yóò sì ta kọjá láàárín rẹ̀. Omi ni ọ̀tá epo yìí. Fọ́nrán bébà tí ó ti fa omi mu a máa tò tẹ̀lé ara wọn bí afárá, ẹ̀lẹ́tíríìkì a sì gba orí rẹ̀ kọjá. Ìdí nìyí tí a fi ń dán epo wò. A ó ki irin méjì bọ inú rẹ̀, kí àlàfo àárín wọn jẹ́ mìlímítà 2.5, a ó máa fi fóltéèjì kún un títí iná yóò fi ta. Ìlànà àjọ àgbáyé IEC béèrè pé kí epo tuntun tí a wà láti inú ilẹ̀ gba fóltì 30,000 ó kéré tán. Bí a bá ti sẹ́ ẹ tí a sì fa omi rẹ̀ gbẹ, 70,000.

Kí ni kí a wá pe ìṣẹ̀lẹ̀ náà? 'Ìbàjẹ́' kò bá a mu, nítorí epo tí ó jọ̀wọ́ ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan a tún máa padà dí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èédú díẹ̀ ń ṣẹ́kù sínú rẹ̀. 'Ìfọ́' yẹ tánganran, kò yẹ ohun tí ń ṣàn. Ní èrò tèmi, 'ìlujá' ni ó tọ́. Ògiri tí ó lujá ni èyí tí nǹkan gba inú rẹ̀ yọ sí òdìkejì. Àwọn kan lè wí pé ihò kì í wà lára epo. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìṣe ni orúkọ yìí ń tọ́ka sí, kì í ṣe àpá. Láti ibẹ̀ ni a ó ti rí 'fóltéèjì ìlujá' fún ìwọ̀n tí a ń wá.

Kí a sì ṣọ́ra fún 'epo adènà-iná'. Iná ni ti ààrò, iná náà ni ti ẹ̀lẹ́tíríìkì. Ẹni tí ó bá ka orúkọ yẹn lè rò pé epo náà ń paná, bẹ́ẹ̀ sì ni epo inú ilẹ̀ a máa jó. 'Epo adènà-ẹ̀lẹ́tíríìkì' sàn jù, àyálò ibẹ̀ kò bu èdè wa kù. 'Epo' lásán pàápàá kò tó: àwọn olè ń fa epo yìí tà lórílẹ̀-èdè wa, ará ìlú kò sì mọ̀ pé olùṣọ́ tiransífọ́mà ni wọ́n jí lọ.

Ìwé *Èdè-Ìperí Yorùbá* tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 ti ṣí ọ̀nà fún ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀. Ó ku ti ẹ̀lẹ́tíríìkì. Láti 2013 ni IEC ti ní ìlànà fún epo irúgbìn nínú tiransífọ́mà, àwọn onímọ̀ ní Nàìjíríà sì ti ń yẹ àdín wò fún iṣẹ́ náà. Kò yẹ kí àdín ti ara ọ̀pẹ wa dé inú àgbá náà kí a má ní ọ̀rọ̀ tí a ó fi sọ bí ó ti ń ṣe níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní orúkọ tí ó sàn ju ìlujá lọ, kí ó mú un wá. Kí ó sáà ti fi ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ìjóná hàn wá.