Ìwòsàn Ti Dé, Ta Ni Yóò San Owó Rẹ̀?

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, àwọn dókítà yunifásítì UCLA ní ìlú Los Angeles àti àwọn ti ilé ìwòsàn ọmọdé Great Ormond Street ní London kéde àbájáde iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń bá bọ̀ láti ọdún 2012. Ọmọ 62 ni wọ́n tọ́jú, àwọn ọmọ tí a bí láìsí agbára nínú ara wọn láti kojú àrùn. Ìtọ́jú náà yọrí sí rere fún 59 nínú wọn, gbogbo àwọn 62 náà ni ó sì wà láàyè. Ṣùgbọ́n títí di ìgbà tí ìròyìn náà jáde, kò sí ìjọba kan tí ó tíì fọwọ́ sí oògùn yìí fún títà. Ó tilẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun àpatì, lẹ́yìn tí ó ti hàn kedere pé ó ń ṣiṣẹ́. Bí èyí ṣe ṣẹlẹ̀ ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò pẹ̀lú ẹ̀yin òǹkàwé wa, nítorí pé àwa tí àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde pọ̀ láàárín wa ni ọ̀rọ̀ náà ń bọ̀ wá bá.

SCID ni àwọn oníṣègùn ń pe àìsàn àjogúnbá náà. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun ni ẹ̀ṣọ́ tí ń dáàbò bo ara wa. Lára ọmọ tí ó ní SCID, ẹ̀ṣọ́ náà kò sí, tàbí kí ó wà kí ó má lè ṣiṣẹ́. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń dára lójú nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i, nítorí pé ààbò tí ó gbà láti inú ìyá rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni ikọ́ tí kò lọ yóò bẹ̀rẹ̀, àti ìgbẹ́ gbuuru tí kò gbọ́ oògùn, àti egbò funfun nínú ẹnu. Bí a kò bá tọ́jú wọn, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kì í pé ọdún 2. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tuntun tí ó ju mílíọ̀nù 3 lọ wò ní Amẹ́ríkà, ìṣirò tí ó jáde ní ọdún 2014 fi hàn pé ọmọ 1 nínú nǹkan bí 58,000 ni ó ní in. Kí iye yìí má ṣe mú wa rò pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó ni. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni a ń sin ní ilẹ̀ wa lọ́dọọdún tí a ń sọ pé àrùn òtútù àyà ni ó pa wọ́n, kò sì sí ẹni tí ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò láti mọ ohun tí ó ṣí ilẹ̀kùn fún òtútù àyà náà.

Oríṣi SCID ju mẹ́wàá lọ. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó wọ́pọ̀ ń gba ara ìyá dé ara àwọn ọmọkùnrin rẹ̀: ìyá kò ní ṣàìsàn, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ kò ní ṣàìsàn, ṣùgbọ́n àwọn ọmọkùnrin lè máa kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin pásítọ̀ àti ẹ̀yin ìyá ìjọ mọ orúkọ tí àdúgbò ń fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní àbíkú ni ó ń bí, tàbí kí àwọn ẹbí ọkọ wí èyí tí ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. A sì ti rí i nínú ilé àdúrà pẹ̀lú pé ìyá tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ni wọ́n ń bi léèrè ẹ̀ṣẹ̀ tí ó dá. A kò sọ pé SCID ni ó wà nídìí gbogbo irú ikú bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó bi ìyá náà léèrè ẹ̀ṣẹ̀, ó yẹ kí a ti béèrè bóyá dókítà ti yẹ ẹ̀jẹ̀ èyí tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ wò.

Oríṣi kejì, tí wọ́n ń pè ní ADA-SCID, ni àwọn ọmọ 62 náà ní. Ara wọn kò lè ṣe èròjà kan tí ń palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́ nínú sẹ́ẹ̀lì, ìdọ̀tí náà a di májèlé, a sì pa ẹ̀jẹ̀ funfun. Bí ó ṣe ń ti ọ̀dọ̀ òbí wá kò ṣàjèjì sí wa: ó dà bí AS àti AS tí ó fẹ́ ara wọn. Bàbá àti ìyá ní ìlera, ṣùgbọ́n nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá 1 nínú 4 ni ó ṣeé ṣe kí ọmọ gba àbùkù náà láti ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì. Àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù tí àwọn ìjọ wa ń béèrè ṣáájú ìgbéyàwó kò lè fi èyí hàn. Ẹni méjì tí ó jẹ́ AA lè bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbí fún àwọn ìyá ọmọ tuntun. Kòkòrò alààyè tí a ti sọ di aláìlágbára ni ó wà nínú abẹ́rẹ́ àjẹsára BCG tí a ń fún ọmọ ní kété tí a bá bí i ní Nàìjíríà. Ó ń dáàbò bo àwọn ọmọ lọ́wọ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe torí ohun tí a kọ yìí fà sẹ́yìn. Àmọ́ lára ọmọ tí ó ní SCID, kòkòrò náà lè tàn ká gbogbo ara. Nítorí èyí ni ó fi jẹ́ pé nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán àyẹ̀wò SCID wò ní àwọn apá kan ní ilẹ̀ England ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, wọ́n sún BCG sí ọjọ́ 28 lẹ́yìn ìbí, kí èsì àyẹ̀wò lè ṣáájú rẹ̀. Ìdílé tí ọmọ ti kú mọ́ lọ́wọ́ ní irú ọ̀nà tí a ṣàpèjúwe lókè yìí gbọ́dọ̀ sọ fún nọ́ọ̀sì kí ó tó fún èyí tí ó tẹ̀ lé e ní abẹ́rẹ́.

Ọmọ tí ó jẹ́ kí aráyé mọ àìsàn yìí ni David Vetter, tí a bí ní Houston ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1971. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti kú ní ọmọ oṣù 7. Bí wọ́n ṣe bí David ni wọ́n gbé e sínú àgọ́ ọ̀rá tí kòkòrò kò lè wọ̀, inú irú àgọ́ bẹ́ẹ̀ ni ó sì gbé fún ọdún 12. Láti inú ìbọ̀wọ́ rọ́bà ni ìyá rẹ̀ fi ń gbé e mọ́ra. Ní ọdún 1983, wọ́n fi mùdùnmúdùn egungun ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sí i lára. Fáírọ́ọ̀sì kan wà nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, ó di jẹjẹrẹ, David sì kú ní oṣù Kejì ọdún 1984. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde nínú àgọ́ náà, ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ikú rẹ̀, ni ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọwọ́ lásán kàn án.

Ìtọ́jú tí a fi mùdùnmúdùn egungun ṣe ti gba ọ̀pọ̀ ọmọ là láti ọdún 1968, nígbà tí Robert Good kọ́kọ́ ṣe é ní Minnesota. Láti ìparí ọdún 2018 ni gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń yẹ ọmọ tuntun wò fún SCID. Ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 2023 fi hàn pé ìdá 92.5 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí a tipa bẹ́ẹ̀ mọ̀ ni ó wà láàyè lẹ́yìn ọdún 5 tí wọ́n gba ìtọ́jú náà. Ti àwọn tí a dúró kí àìsàn kọlù kí a tó mọ̀ jẹ́ nǹkan bí 80. Ìwádìí yìí kan náà fi hàn pé àwọn ọmọ adúláwọ̀ ń kú ju àwọn ọmọ funfun lọ. Bí ọmọ kò bá ní ọmọ ìyá tí ara wọn bára mu, ó di dandan kí a wá ẹlòmíràn; ní Amẹ́ríkà, ṣàṣà ni adúláwọ̀ tí ń rí ẹni tí ara rẹ̀ bá tirẹ̀ mu délẹ̀délẹ̀ nínú ìwé àwọn afitọrẹ, nítorí pé àwa tí a fi orúkọ sílẹ̀ kò pọ̀.

Ibí yìí ni ìtọ́jú tuntun náà ti yàtọ̀: ara ọmọ fúnra rẹ̀ ni a ti ń mú oògùn. Wọ́n á yọ sẹ́ẹ̀lì láti inú mùdùnmúdùn egungun rẹ̀, wọ́n á fi apilẹ̀ àbùdá tí ó pé sí i, wọ́n á sì dá a padà. Ọmọbìnrin ọlọ́dún 4 kan ni wọ́n kọ́kọ́ dán irú rẹ̀ wò lára ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1990. Láti ọdún 1999, Alain Fischer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Paris fi wo àwọn ọmọkùnrin sàn, ayé sì yọ̀. Ṣùgbọ́n ayọ̀ náà kò tọ́jọ́. Nínú ọmọ 20 tí a tọ́jú ní Paris àti London, 5 ní àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, 1 sì kú, nítorí pé ohun tí ó gbé apilẹ̀ náà wọlé balẹ̀ síbi tí kò yẹ. Àwọn olùwádìí padà sẹ́nu iṣẹ́. Fáírọ́ọ̀sì HIV ni wọ́n mú, wọ́n yọ oró rẹ̀ kúrò, wọ́n sì sọ ọ́ di aláàárù. Ohun tí ó ń ba ààbò ara jẹ́ ni ó wá ń ru ààbò náà wọlé! Òun ni wọ́n lò fún àwọn ọmọ 62.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ owó. Ilé-iṣẹ́ Orchard Therapeutics ni ó gba ẹ̀tọ́ láti sọ iṣẹ́ yìí di oògùn. Ní ọdún 2020, ó kéde pé òun yóò dín owó tí òun ń ná lé e lórí kù. Nígbà tí ó ṣe, ẹ̀tọ́ náà padà sọ́wọ́ Donald Kohn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní UCLA. Oògùn náà kò bàjẹ́. Àwọn ọmọ tí ó nílò rẹ̀ ni kò pọ̀ tó láti mú èrè wá. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, Strimvelis, oògùn mìíràn fún àìsàn kan náà, gba àṣẹ ní ọdún 2016, iye rẹ̀ sì jẹ́ 594,000 owó yúrò. Ó ti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ GSK bọ́ sọ́wọ́ Orchard. Nígbà tí òun náà fi í sílẹ̀, Fondazione Telethon ní Ítálì gbà á ní ọdún 2023. Àjọ aláàánú ni Telethon, owó tí àwọn ará ìlú ń dá ni ó fi ń ṣiṣẹ́. Àwa tí a mọ bí a ti ń dáwó kọ́ kàtídírà mọ̀ pé irú owó bẹ́ẹ̀ ṣeé kó jọ.

Ọ̀nà kan náà, láti yọ sẹ́ẹ̀lì, tún un ṣe, kí a sì dá a padà, ni oògùn tuntun fún fòníkú-fọ̀ladìde gbà. Casgevy gba àṣẹ ní Britain àti Amẹ́ríkà ní ìparí ọdún 2023, àwọn ọmọ díẹ̀ tí ó ní SCID ni ó sì la ọ̀nà náà sílẹ̀ fún un. Iye tí wọ́n fi lé e ní Amẹ́ríkà jẹ́ mílíọ̀nù 2.2 dọ́là fún ẹnì kan. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, wọ́n gbà ní England pé kí NHS san owó rẹ̀ fún àwọn kan, nítorí náà ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Peckham lè bá dókítà rẹ̀ sọ ọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tí ó wà ní Ìbàdàn kò lè sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí 150,000 ọmọ tí ó ní àìsàn yìí ni a fojú bù pé a ń bí ní Nàìjíríà lọ́dọọdún. Níhìn-ín, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé àwọn aláìsàn kò pọ̀ tó. Ohun tí kò sí ni owó, àti ilé ìwòsàn tí ó lè ṣe iṣẹ́ mùdùnmúdùn egungun láìséwu. UBTH ní ìlú Benin ti ṣe é fún ọmọkùnrin ọlọ́dún 7 kan tí ó ní fòníkú-fọ̀ladìde ní ọdún 2011. Láti ìgbà náà, àwọn ibi tí ó tún ti ṣeé ṣe ní orílẹ̀-èdè wa kò tó nǹkan.