Ta Ni Yóò Jí Ìránṣẹ́ Bí Iná Bá Dé?

Bí iná ọba bá lọ ní Òmù-Àrán tàbí ní Èsìẹ́, ta ló lè sọ ìgbà tí yóò padà? Ó lè dé ní aago méjì òru, nígbà tí ẹni tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ti sùn lọ fọnfọn. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ti àwọn onísáyẹ́ǹsì nìkan.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí n kò ní dárúkọ, wọ́n kó oríkì àti orin tí wọ́n gbà lẹ́nu àwọn àgbà Ìgbómìnà sórí kọ̀ǹpútà kan tó ń lo Linux, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè máa fi fóònù gbọ́ wọn. Iná lọ, iná dé. Kọ̀ǹpútà jí, ṣùgbọ́n ètò tó ń pín orin náà kò jí. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti gbà pé orin ti ṣègbé.

Unix, tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1969, àti àwọn ẹbí rẹ̀ bíi Linux, ní àwọn ètò abẹ́lẹ̀ tí à ń pè ní daemon. Kí onítumọ̀ kankan má sọ pé èṣù ni o! Inú àpèjúwe kan tí James Clerk Maxwell ṣe nínú ìmọ̀ físíìsì ni àwọn ará MIT ti fa orúkọ náà yọ lọ́dún 1963. Ìránṣẹ́ ni èmi yóò máa pè é.

Bí kọ̀ǹpútà bá ń jí, ètò kan wà tí a fún ní nọ́ńbà 1. Òun ni baálé, òun ni yóò jí àwọn yòókù. Init ni wọ́n ń pè é láti ìbẹ̀rẹ̀; systemd, tó jáde lọ́dún 2010, ló gba ipò náà lórí ọ̀pọ̀ Linux lónìí. Baálé yìí kì í jí ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé. Bí mo bá tẹ systemctl start, alágbàṣe ni mo bẹ̀: bí kọ̀ǹpútà bá kú, iṣẹ́ tiwa ti parí. Bí mo bá tẹ systemctl enable, ìwọ̀fà ni mo gbà: yóò máa wá láìjẹ́ pé mo ké sí i. Ṣùgbọ́n enable nìkan kò ní kó bẹ̀rẹ̀ lónìí, àfi ká fi --now kún un.

Ibi tí àríyànjiyàn wà nìyí. Àwọn Debian gbà pé ẹni tó gbé ìránṣẹ́ wọlé fẹ́ kó ṣiṣẹ́. Bó bá ti wọlé, yóò bẹ̀rẹ̀, orúkọ rẹ̀ yóò sì wọ ìwé. Àwọn Fedora ní kí ọ̀pọ̀ wọn jókòó ná títí onílé yóò fi sọ̀rọ̀. Ní FreeBSD, àfi kí onílé kọ YES sínú /etc/rc.conf. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ti Debian ló yẹ ilẹ̀ wa, nítorí iná tí kì í dúró. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2001, kòkòrò kan tó ń jẹ́ Ramen gba ara àwọn ìránṣẹ́ bíi wu-ftpd àti rpc.statd wọ inú àwọn kọ̀ǹpútà tó ń lo Red Hat 6.2. Ìránṣẹ́ tí a kò nílò, tó sì ń jí lójoojúmọ́, ilẹ̀kùn tí a kò tì ni.

Èrò tèmi ni pé kí ìránṣẹ́ má jí títí a ó fi ní kó jí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé e kalẹ̀ fún ìlò ọ̀pọ̀ ènìyàn, kó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Àwọn ère òkúta Èsìẹ́ wà nínú mùsíọ̀mù tí a dá sílẹ̀ lọ́dún 1945, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Iná wà o, iná kò sí o, ère kò níí kúrò níbi tó wà. Ohùn àwọn àgbà tí a kó sórí kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀.

Kí ẹni tó ń tọ́jú irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ tẹ systemctl is-enabled, kó wo èsì. Kó wo BIOS pẹ̀lú, torí bí a kò bá sọ níbẹ̀ pé kí ẹ̀rọ tan ara rẹ̀ nígbà tí iná bá dé, baálé fúnra rẹ̀ kò ní jí. Lẹ́yìn náà, kó pa á lọ́sàn-án gangan, kó tún un tàn, kó má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́, kó wá fi fóònù wá orin kan ṣoṣo.