Fi Ẹyọ Kan Kún Un, Kí O Máa Gbá Bọ́ọ̀lù Lọ

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí lè bí àwọn kan nínú, pàápàá àwọn tí a jọ ń sin Ọlọ́run n'Íjẹ̀bú-Igbó níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìparí kí ẹ tó bá mi jà.

Ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ wa padà wálé láti ilé-ìwé gíga tó wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Kì í ṣe ìsinmi ló wá lò. Wọ́n ká ìwé mọ́ ọn lọ́wọ́ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, wọ́n sì ní kó lọ rọ́kún nílé fún ọdún kan. Kó tó di ọjọ́ Ìsinmi, gbogbo ìjọ ti gbọ́. Èmi fúnra mi ni mo pè é, tí mo ní kó kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin ná. Ìyẹn kò burú, ìbáwí gbọ́dọ̀ wà nílé Ọlọ́run. Ohun tó burú ni pé lẹ́yìn tí mo bá a wí tán, mi ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Tó bá kí mi, màá ní "Ọlọ́run á ṣàánú," màá sì kọjá. Àwọn ìyá tí wọ́n máa ń pè é ní "ọkọ mi" tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kìlọ̀ fún àwọn ọmọ wọn pé wọn ò gbọ́dọ̀ bá a rìn. Ó kọ́kọ́ ń jókòó sẹ́yìn pátápátá lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Nígbà tó yá, kò wá mọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ Wẹ́sìdeè kan, ìyá rẹ̀ wá bá mi nílé. Obìnrin náà kò jókòó. Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ bá mi mú un jáde. Ó di ọjọ́ kẹta tí kò kúrò nínú yàrá. Ó ní kí n máa tọ́jú àwọn àbúrò òun dáadáa." Ẹ̀yin òbí, ẹ mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí. Ara mi gbọ̀n. Mo tẹ̀ lé e lóru yẹn, mo jókòó ti ọmọ náà títí ilẹ̀ fi mọ́, a ò fi í sílẹ̀ lóun nìkan mọ́ láti ọjọ́ náà.

Díákónì wa kan wà tó ń gbé l'Ágọ̀ọ́-Ìwòyè. Ó ti ń yọ mí lẹ́nu tipẹ́ pé kí n sin òun lọ sí Ogun Waterside, lọ́dọ̀ bàbá kan tó kọ́ òun ní gọ́ọ̀fù nígbà tí òun ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó. Bàbá náà bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi caddie, ìyẹn àwọn tó ń bá àwọn ọlọ́lá gbé àpò igi gọ́ọ̀fù, ní Ìkòyí. Nígbà tó yá, òun náà di ẹni tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun. Ó ti darúgbó báyìí, ó ti padà sí abúlé rẹ̀ létí ọ̀sà. Díákónì máa ń pè é ní akọni òun. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Lójú tèmi, eré àwọn olówó ni gọ́ọ̀fù, kò kan onígbàgbọ́ tó ń wá owó ilé-ìwé ọmọ. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ yẹn mo pè é lórí fóònù, mo ní, "Díákónì, ká lọ ní Sátidé. Ẹnì kan á tẹ̀ lé wa."

A gbéra láàárọ̀ kùtù, a kọ́kọ́ yà sí Àgọ́-Ìwòyè lọ gbé Díákónì. Ẹ mọ bí ìlú yẹn ṣe rí. Láti ọdún 1982 tí wọ́n ti dá yunifásítì sílẹ̀ níbẹ̀, èyí tí wọ́n fi orúkọ Gómìnà Olabisi Onabanjo pè lónìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló gba ìgboro. Wọ́n ń rìn lọ pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo wo ọmọ náà nínú dígí ọkọ̀. Ó ti yí ojú sí òdìkejì, ó ń wo ògiri.

Díákónì wọlé tòun ti ariwo rẹ̀, ó ju àpò gọ́ọ̀fù sí búùtù. Kò mọ ìdí tí ọmọ náà fi bá wa lọ, mi ò sọ fún un. Kò tíì pẹ́ tí a gbéra tó fi bẹ̀rẹ̀ ìwàásù tiẹ̀. Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ wo bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, rẹfirí ń sáré kiri pẹ̀lú fèrè. Gọ́ọ̀fù ò rí bẹ́ẹ̀. Nínú igbó tí bọ́ọ̀lù rẹ sá wọ̀, ìwọ nìkan lo máa ń wà níbẹ̀. Tó o bá ṣẹ̀ sófin, ìwọ fúnra rẹ lo máa sọ ọ́. Tí bọ́ọ̀lù rẹ bá já sómi, wọn ò ní lé ọ lọ sílé. Wàá fi ẹyọ kan kún iye tó o gbá, wàá sọ bọ́ọ̀lù mìíràn sílẹ̀, wàá máa bá eré rẹ lọ. Ṣùgbọ́n tó o bá gbá a lẹ́ẹ̀marùn-ún, tó o kọ mẹ́rin sínú káàdì, tó o sì fọwọ́ sí i, ó tán. Wọ́n máa yọ ọ́ nínú ìdíje."

Inú ọkọ̀ dákẹ́. Mo tún wo dígí. Ọmọ náà ti sorí kọ́. Mo ń wá bí màá ṣe yí ọ̀rọ̀ padà nígbà tí Díákónì tún ní, "Àní ẹnì kan tí wọ́n ní ó ṣe bẹ́ẹ̀, orílẹ̀-èdè wa yìí ló ti rí ọ̀nà padà."

Ẹ̀yin ará, mi ò gbọ́ ìtàn yìí rí títí di ọjọ́ yẹn. Mo padà délé, mo lọ wádìí rẹ̀. Orúkọ ọkùnrin náà ni Vijay Singh. Fiji ni wọ́n ti bí i ní 1963, erékùṣù kékeré láàárín agbami Pàsífíìkì. Ní 1985, nídìí ìdíje kan ní Indonéṣíà, wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ó dín iye tó wà nínú káàdì rẹ̀ kù. Òun sọ pé èdè àìyedè ni, ó sì ń sọ bẹ́ẹ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n wọ́n lé e kúrò nínú ìdíje gbogbo ilẹ̀ Éṣíà. Ẹni ọdún méjìlélógún péré ni. Ó lọ ń kọ́ àwọn èèyàn ní gọ́ọ̀fù ní Borneo, níbi tí òkìkí kì í dé. Ìgbà kan wà tó ṣe ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ijó ní Edinburgh kó lè rówó jẹun.

Láyé ìgbà náà, àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù láti ilẹ̀ Yúróòpù máa ń wá sí Áfíríkà lọ́dọọdún, wọ́n á máa ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn: Nàìjíríà, Ivory Coast, Kenya, Zambia, Zimbabwe. Safari ni wọ́n ń pe ìrìn-àjò yẹn. Singh bá wọn wá. Ní 1988 ó gba ife Nigerian Open. Ọ̀pọ̀ wa tó dàgbà nígbà yẹn ò tilẹ̀ mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn ti ń ṣí. Ní 1989 ó gba ife nílẹ̀ Yúróòpù. Ní 1998 ó gba PGA Championship l'Ámẹ́ríkà, ní 2000 ó gba Masters. Ní 2004 ó gba PGA lẹ́ẹ̀kejì, ọdún yẹn náà ló gba ipò kìíní lágbàáyé lọ́wọ́ Tiger Woods. Ife mẹ́sàn-án ló gbà l'Ámẹ́ríkà lọ́dún kan ṣoṣo yẹn. Gbogbo ayé sì mọ̀ ọ́n sí ẹni tí ìgbáradì kì í sú.

Ẹ jẹ́ kí n padà sójú ọ̀nà. A gba Ìjẹ̀bú-Òde kọjá, a forí lé ìsàlẹ̀ lọ́nà Ìbíadé, títí a fi dé agbègbè Àbígí. Atẹ́gùn ọ̀sà ti ń fẹ́ sí wa, òórùn ẹja sísun gba gbogbo ọ̀nà. A bá Bàbá lórí pápá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ó gbẹ, ó ga. Àwọn ọmọdé bíi márùn-ún yí i ká, igi gọ́ọ̀fù méjì péré ni wọ́n jọ ń lò, wọ́n á gbá, wọ́n á gbé e fún ẹlòmíràn. Ó gbẹ́ ihò kan sílẹ̀, ó sì fi iyanrìn tó pò mọ́ òkú ọ́ìlì tẹ́ àyíká rẹ̀ kó lè dán. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé ọjọ́sí nìyẹn níbi tí koríko tó dáa ò bá sí.

Díákónì wa, tẹ́ ẹ mọ̀ pé ó ní ikùn díẹ̀, dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí iyanrìn ọlọ́ìlì yẹn. Bàbá ń rẹ́rìn-ín, ó ń ní, "Dìde, dìde, aṣọ rẹ ń bàjẹ́." Nígbà tí Díákónì gbé àpò igi gọ́ọ̀fù jáde kúrò nínú búùtù, tó ní tàwọn ọmọ náà ni, Bàbá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó yọ fìlà.

Èmi náà fẹ́ gbọ́ ìròyìn. Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ gbé àpò Vijay Singh?"

Ó ní, "Rárá o. Ẹlòmíràn ni mo bá gbé àpò. Ọ̀ọ́kán ni mo ti rí òun. Ẹ má jẹ́ kí n torí àlejò parọ́."

Kò sí ẹni tó máa já a ká sọ pé ó parọ́. Ta ló fẹ́ lọ béèrè? Ibẹ̀ ni mo ti mọ ìdí tí Díákónì fi ń pè é ní akọni. Mi ò rí ife kankan nílé rẹ̀. Ohun tí mo rí ni ọkùnrin tó ń ka iye tó gbá bó ṣe jẹ́.

Bàbá wá kọjú sí ọmọ náà. "Ìwọ ńkọ́? Ilé-ìwé wo lò ń lọ?" Mo fẹ́ bá a dáhùn. Ọmọ náà ló yára sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní, "Bàbá, wọ́n ní kí n lọ rọ́kún nílé. Mo jí ìwé wò nínú ìdánwò. Mo ṣe é. Wọn ò parọ́ mọ́ mi."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ pásítọ̀ rẹ̀, mo ti bá a wí, mi ò bi í léèrè ọ̀rọ̀ rí.

Bàbá ní, "Ìyà tí wọ́n fi jẹ ọ́, ṣé ò ń jẹ ẹ́ tán?"

"Ó ku oṣù mẹ́jọ, sà."

"O dẹ̀ ti sọ ọ́ fúnra rẹ. Ó dáa. Fi ẹyọ kan kún un, kó o máa gbá bọ́ọ̀lù lọ." Ó na igi gọ́ọ̀fù kan sí i. "Bọ́ síbí, kí n wo ọwọ́ rẹ."

Ọmọ tó ti ọjọ́ púpọ̀ tí kò rẹ́rìn-ín gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, kò kan bọ́ọ̀lù rárá, iyanrìn ló gbá sójú Díákónì. Gbogbo àwọn ọmọdé yẹn bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sunkún.

Ẹ̀yin ará, ohun tí mo ń bá wa jà lé lórí nìyí. Àwa Yorùbá ní, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń bá ọmọ wí, òsì la fi ń fà á mọ́ra. Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ wa, ọwọ́ méjèèjì la fi ń nà án. Ẹ ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 15. Jòhánù tí wọ́n ń pè ní Máàkù ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́nà nígbà kan. Pọ́ọ̀lù ní kò ní bá wọn rìn mọ́. Bánábà ló mú un dání, wọ́n sì torí ẹ̀ pínyà. Ẹ wá ka Tímótì Kejì orí 4, ẹsẹ 11. Pọ́ọ̀lù kan náà, nínú ẹ̀wọ̀n, ló ní kí wọ́n mú Máàkù wá fún òun, torí ó wúlò. Ká ní kò sí Bánábà láàárín, Máàkù wo ni wọn ìbá rí mú wá?

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní, "Pásítọ̀, tẹ́ ẹ bá ń ṣe báyìí, gbogbo wọn á máa jí ìwé wò." Rárá. Mi ò ní kí wọ́n fagi lé ìyà ọmọ náà, òun náà ò bẹ̀bẹ̀ fún un. Kò tíì padà sínú ẹgbẹ́ akọrin, kò ní padà títí ọdún rẹ̀ yóò fi pé, a jọ fẹnu kò sí i ni. Singh náà, Borneo ló kọ́kọ́ dé. Ìyà ní iye. Ẹ̀gàn la ò mọ ibi tó máa parí sí. Òwe 28 ẹsẹ 13 pààlà sáàárín ẹni tó bo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ àti ẹni tó jẹ́wọ́ tó sì fi í sílẹ̀. Tí a bá ń ṣe ẹni tó jẹ́wọ́ bákan náà pẹ̀lú ẹni tó ń bò ó, ṣebí àwa là ń kọ́ àwọn ọmọ wa láti máa parọ́ nìyẹn?

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo dúró níwájú ìjọ, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà àti ìyá rẹ̀. Kò rọrùn, ẹnu mi wúwo. Ó gbà mí láàyè láti kọ ìtàn yìí, ó kàn ní kí n má dárúkọ òun. Ó ń kàwé lójoojúmọ́ báyìí. Lóṣooṣù, òun àti Díákónì máa ń lọ sọ́dọ̀ Bàbá létí ọ̀sà, ó ń bá wọn gbé àpò.

Lọ́la, tẹ́ ẹ bá dé ilé ìjọsìn, kẹ́ ẹ tó gbọ́wọ́ sókè, ẹ wẹ̀yìn. Ẹ wo ẹni tó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ẹ lọ jókòó tì í. Tí kò bá sì wá mọ́, ẹ ti ibẹ̀ kọjá sílé rẹ̀, ẹ má dúró di ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀.

Olúwa, tí kò ká káàdì wa mọ́ wa lọ́wọ́ kó lé wa dànù, yóò sọ wá di Bánábà fún ẹnì kan lọ́sẹ̀ yìí, lórúkọ Jésù. Àmín.