Ewé Tó Kù Nínú Oògùn Wa

Oògùn tí kò jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù kan. Bí àgbà bá pa òwe yìí, ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé kí aláìsàn má sọ̀rètí nù, kí wọ́n tún padà sínú igbó. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n òwe náà ń bá ẹni tó se oògùn wí pẹ̀lú. Kò dá ewé tó wà nínú ìkòkò lẹ́bi. Èyí tí kò sí níbẹ̀ ló ní kí a wá. Irú ìrònú yìí la nílò lórí oògùn òyìnbó tí à ń rà ní Adó-Èkìtì, láti Ọjà Ọba dé Ọjà Bísí, àti ní Ìyìn, Ìgèdè, Ìkéré àti Ìfàkì. Èrò tèmi ni pé ọ̀dọ̀ ìjọba ni ewé tó kù náà wà, àwọn tó mọ oògùn ló sì yẹ kó lọ já a wá.

Kẹ́míìsì ni ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Bí ara ọmọ bá gbóná lóru, ibẹ̀ la ń sáré lọ kí á tó ronú kan dókítà. Òfin mọ̀ pé apoògùn tó gboyè kò lè kárí gbogbo àdúgbò, ìdí nìyẹn tó fi ń fún àwọn mìíràn níwèé àṣẹ láti ta ìwọ̀nba oògùn, bó ṣe wà nínú páálí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Ẹ wá wo orí káńtà. Oníbàárà ní hóró mẹ́rin lòun fẹ́. Ọlọ́jà mú sísọ́ọ̀sì, ó gé káàdì oògùn sí méjì, ó di mẹ́rin sínú ọ̀rá. Déètì tí oògùn máa bàjẹ́ ti kù sí apá kejì káàdì, nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oògùn, ti kù sára páálí. Oògùn náà lè jẹ́ ojúlówó, ṣùgbọ́n ẹni tó gbé e délé kò ní ohunkóhun lọ́wọ́ tó lè fi mọ̀.

Èyí tó tún burú ni oògùn tó dára láti ilé-iṣẹ́ wá, tó wá kú sọ́nà. Inú òtútù ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló yẹ kí oxytocin wà, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún fún abiyamọ kí ẹ̀jẹ̀ má baà ya lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Bí iná bá lọ tí kò tètè dé, omi inú ìgò rẹ̀ kò yí àwọ̀ padà, kò rùn, nọ́ọ̀sì kò sì lè fojú mọ̀ pé agbára rẹ̀ ti ń lọ. Wọ́n á gún un, ẹ̀jẹ̀ kò ní dá. Iná, fìríìjì, ọkọ̀ tó kó oògùn wá, ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò: kò sí ọ̀kan tí apoògùn lè dá pèsè látinú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ní ti àyẹ̀wò, láàárín ìparí 2008 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2009, oògùn eyín kan pa ọmọ tó lé ní 80 nílẹ̀ Nàìjíríà, nítorí májèlé tí wọ́n ń pè ní diethylene glycol wọ inú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti yẹ èròjà náà wò dáadáa kó tó di oògùn, àwọn ọmọ yẹn ì bá yè.

Ìdí nìyí tí mo fi ka ìgbésí ayé Ọmọọba Julius Adélusì-Adéluyì sí ẹ̀kọ́. Adó-Èkìtì ni wọ́n bí i sí ní 1940. Ó kọ́ ìmọ̀ oògùn ní Yunifásítì Ifẹ̀, ó dá Juli Pharmacy sílẹ̀ ní Èkó, ilé-iṣẹ́ náà sì wọ ọjà ìpín ìdókòwò ní 1986. Ẹlòmíràn ì bá jókòó ti èrè. Òun kọ́ ìmọ̀ òfin mọ́ ọn, ó di agbẹjọ́rò ní 1987, nígbà tó sì di 1993, òun ni ìjọba fìdíhẹ Ernest Shonekan fi ọ̀rọ̀ ìlera lé lọ́wọ́. Ẹnìkan lè ní ìjọba yẹn kò pé oṣù mẹ́ta tí Ọ̀gágun Abacha fi gbà á, kí ni apoògùn rí ṣe níbẹ̀? Kò gùn lóòótọ́. Ẹ wá wo apoògùn mìíràn tó ráyè jókòó, Dora Akunyili, tó darí NAFDAC láti 2001 sí 2008. Insulin ayédèrú ti pa àbúrò rẹ̀ obìnrin ní 1988. Ní oṣù Kejìlá 2003, wọ́n yìnbọn sí ọkọ̀ rẹ̀, ọta gba gèlè orí rẹ̀ kọjá, kò sì torí ẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ìmọ̀ oògùn fi ọ̀nà tí ayédèrú ń gbà hàn án. Àṣẹ ìjọba ló fi dí i.

Àtakò tó le jù ni pé ẹni tó ń ta oògùn, bó bá dépò, yóò fi àṣẹ dínà mọ́ àwọn tí wọ́n jọ ń tajà. Ewu gidi ni, n kò sì fojú kéré rẹ̀. Àfikún Karùn-ún ìwé òfin 1999 ti sọ ọ́: òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣiṣẹ́ náà ní kíkún kò gbọdọ̀ máa darí òwò ara rẹ̀, àyàfi iṣẹ́ àgbẹ̀. Nítorí náà, kó fa ṣọ́ọ̀bù lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ kó tó búra. Àwọn mìíràn á ní bí òfin bá le jù, tálákà kò ní róògùn rà. Mo gbà pẹ̀lú wọn pé kí a má ti kẹ́míìsì pa. Ohun tí mo ń fẹ́ ni apoògùn kan ní káńsù kọ̀ọ̀kan, tí yóò máa yípo, tí yóò máa kọ́ wọn níṣẹ́, tí yóò máa wo déètì àti ibi tí wọ́n ń kó ọjà pa mọ́ sí, tí yóò sì rí i pé wọ́n ń kọ déètì sára ọ̀rá hóró mẹ́rin yẹn.

Káńsù 16 ló wà ní Èkìtì. Ìwé òfin fún wọn nípa nínú ètò ìlera, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì dájọ́ ní oṣù Keje 2024 pé kí owó wọn máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Ẹ̀yin ará Adó àti agbègbè rẹ̀, bí olùdíje káńsù bá tún kan ilẹ̀kùn yín, ẹ bi í ní orúkọ ẹni tí yóò máa mójú tó oògùn, kí ẹ sì bi í bóyá fìríìjì ilé ìwòsàn àdúgbò yín níná. Bí kò bá ní èsì, ẹ má dìbò fún un.